Ọpọ́n Ayò Tí Mo Lé Gun Orí Àjà

Ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bèèrè pé, "Kí ni Pásítọ̀ ń wá nídìí eré?" Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ìyá kan nínú ìjọ wa ní Igbaye wá bá mi nílé ní nǹkan bí agogo mẹ́fà àárọ̀. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní ọmọ ọmọ òun tó ti ìlú òyìnbó wá ṣe Kérésìmesì lọ́dọ̀ àwọn ti kó ère wọlé. "Pásítọ̀, ère ni o! Wọ́n kéré, wọ́n pọ̀, ó tò wọ́n sínú páálí. Orí òmíràn dà bí agbárí òkú. Láti ìdájí ni yóò ti jókòó tì wọ́n, á máa fi nǹkan pupa kùn wọ́n lára." Ó ní kí n má gbàgbé òróró.

Mo gbé Bíbélì, mo gbé òróró, mo tẹ̀lé e.

Ìdí tábìlì ìjẹun ni mo bá ọmọkùnrin náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò sì ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣé" lọ. Ó kí mi, ó fà mí ní àga. Àwọn ohun tí ìyá ń pè ní ère jẹ́ jagunjagun kéékèèké tí wọ́n fi ike ṣe, ọ̀pọ̀ wọn kò ga ju oríkèé ìka méjì lọ. Ó ní eré orí tábìlì ni, Warhammer lorúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Games Workshop, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1975, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Nottingham báyìí, ló gbé e jáde ní ọdún 1983. Ẹni méjì á to ọmọ ogun tiwọn dojú kọra, wọ́n á fi rúlà wọn bí oníkálukú ṣe lè rìn jìnnà tó. Ṣùgbọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ni wọ́n ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn wọ́n.

Mo ní kí ó ṣe é kí n rí i. Ó gé ege kọ̀ọ̀kan kúrò lára ike, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó wá fín ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i kí ọ̀dà tó kù lè dì mọ́ ọn. Omi ló fi ń po ọ̀dà, ó sì ń kùn ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan tó ki, nítorí ọ̀dà tó bá ki á bo ojú àti ìka jagunjagun náà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó da ọ̀dà dúdú tó ṣàn bí omi lé e, èyí sì wọ inú gbogbo ibi tó jìn lọ, bí ìṣẹ́po aṣọ. Ó wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó ní ọ̀dà funfun díẹ̀ ra àwọn ibi tó yọ síta. Ìṣojú mi ni ike ṣe di aṣọ. Ẹ̀yin òbí, mélòó nínú wa ni ọmọ rẹ̀ lè jókòó ti iṣẹ́ kan fún odindi òwúrọ̀ láìfọwọ́ kan fóònù?

Ìyá ń wò mí, ó ń retí òróró.

Mo ṣí Ẹ́kísódù orí 20. Òfin kejì kò dúró síbi kí a má ya nǹkan. Ó tẹ̀síwájú dé orí ìforíbalẹ̀ àti ìsìn. Bí ó bá jẹ́ pé kí a sá ya àwòrán ohun kan ni ẹ̀ṣẹ̀, kí ni a óò wí sí àwọn kérúbù wúrà tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ pàṣẹ ní orí 25 ìwé kan náà? Kí ni a óò wí sí Bésálẹ́lì, tí Ó fi Ẹ̀mí rẹ̀ kún ní orí 31 kí ó lè mọ iṣẹ́ ọnà? Ṣùgbọ́n ejò idẹ ló là mí lójú jù lọ. Ní Númérì orí 21, Mósè rọ ọ́ nípa àṣẹ Ọlọ́run. Nígbà tí a dé 2 Àwọn Ọba 18:4, Hesekáyà fọ́ ọ túútúú, nítorí pé àwọn ènìyàn ti ń sun tùràrí sí i. Ejò kan náà ni, idẹ kan náà ni. Ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ló yí padà.

Mo bi ọmọ náà bóyá ó máa ń gbàdúrà sí wọn. Ó wò mí bí ẹni tí mo bi bóyá ó ń gbàdúrà sí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

N kò fẹ́ràn àwọn olórí agbárí yẹn, mo sì sọ fún un láìfi bò. Ó gbọ́, ó kó wọn sí ìsàlẹ̀ páálí. A kò dáná sun ohunkóhun.

Ọkàn ìyá kò tíì balẹ̀. Ó ní nǹkan òyìnbó ni, kò sí nínú ìran wa. Mo sọ ìtàn Thomas Ona Odulate fún un, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Igi ló fi ń gbẹ́ ènìyàn kéékèèké: ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, agbẹjọ́rò, míṣọ́nnárì. Yíǹkì pupa, yíǹkì dúdú àti ọ̀dà bàtà funfun ló fi ń kùn wọ́n, àwọn òyìnbó fúnra wọn ló sì ń rà á jù. Ní Ọ̀wọ̀ ńkọ́? Níbẹ̀ ni Justus Akeredolu ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún igi gbẹ́ ènìyàn ní nǹkan bí ọdún 1930 sí 1939. Ẹ̀gún yìí ní àwọ̀ tirẹ̀ láti inú igi wá, ti pupa rẹ́súrẹ́sú, ti funfun, ti bíi kòkó, nítorí náà kò nílò ọ̀dà púpọ̀. Bí ẹ bá ti rí iṣẹ́ ẹ̀gún yìí rí, ẹ ó ti rí obìnrin tó ń gúnyán, ẹ ó sì ti rí àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n tẹrí ba sórí ọpọ́n ayò.

Bí mo ṣe dárúkọ ọpọ́n ayò, bàbá àgbà ọmọ náà, tó ti wà ní igun yàrá láti àárọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, wúkọ́.

Mo mọ ìtumọ̀ ikọ́ náà.

Ọdún 1998 ni mo dé Igbaye, tí yíǹkì orí ìwé ẹ̀rí tí mo gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì kò tíì gbẹ tán. Bàbá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù nígbà náà. Bí ó bá ti oko dé nírọ̀lẹ́, á lọ sábẹ́ igi kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Òkukù, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n á jọ ta ayò títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Mo wàásù lé e lórí. Mo mú àwọn ọmọ ogun tó ṣẹ́ gègé lé aṣọ Olúwa wa, mo ní ẹni tó bá ń ta ayò, ẹ̀gbẹ́ wọn ló jókòó sí. Ìjọ ké "Àmín". Ní ọjọ́ Ajé, bàbá gbé ọpọ́n rẹ̀ gun orí àjà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba pé mo ṣìwà hù. N kò tilẹ̀ mọ ohun tí mo ń bá wí. Ayò kò ní gègé kankan nínú. Ihò méjìlá ni, mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà lójútáyé, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà ni ọ̀ta, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà ni ọ̀pẹ. Bí o bá ń fọ́n ọmọ lọ, tí èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí ihò ẹnìkejì rẹ, tó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ẹkùn ilẹ̀ wa yìí gbé irú eré náà dé Antigua àti Barbados, wọ́n sì ń pè é ní warri níbẹ̀ títí dòní. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì ní Amsterdam, John Romein àti Henri Bal, so ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ láti ṣírò gbogbo ipò tí ọmọ lè wà nínú awari, tó jẹ́ ìbátan ayò. Ó lé ní bílíọ̀nù 889. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni.

Òfin kan tún wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Bí ihò ẹnìkejì rẹ bá ṣófo, o kò gbọdọ̀ jókòó máa wò ó. Bí o bá ní ọmọ tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí o bọ́ ọ.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìwàásù mi, ọ̀rẹ́ bàbá kú. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, bàbá wá sí ilé mi. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó ní, "Pásítọ̀, ìdí ayò nìkan ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti máa ń sọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un bí mo ṣe rí Jésù. Ó ti ń bi mí ní ìbéèrè. Nígbà tí n kò wá mọ́, ó rò pé ẹ̀sìn tí mo gbà ló ní kí n kórìíra òun." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní kí n dìde, ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n ọpọ́n kò sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi yíjú sí i ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí rí ọpọ́n yẹn." Ó wò mí pẹ́. Ó wá ní kí ọmọ lọ gbé àkàbà.

Kòkòrò ti jẹ etí ọpọ́n náà kan. Èkúté ti ya àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọmọ ayò jẹ, wọ́n le bí òkúta. Búrọ́ọ̀ṣì tí ọmọ fi ń kun jagunjagun ló fi gbọn eruku inú ihò kọ̀ọ̀kan. Bàbá kò gbọ́ èdè òyìnbó, ọmọ kò gbọ́ Yorùbá, ìka ni wọ́n kọ́kọ́ ń nà síra wọn. Nígbà tí mo tún yà síbẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, mo gbọ́ ohùn ọmọ láti ìta: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin." Bàbá ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ pé ọ̀pẹ ni. Ọmọ bèèrè ohun tí ọ̀pẹ ń jẹ́, ìyá sì túmọ̀ rẹ̀ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín láti ìdí iná.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Ibi tí owó bá ti wọ ìdí lúdò tàbí dráàfù, ó ti di tẹ́tẹ́, n kò sì ní bá wọn jókòó níbẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ wa ti ń fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Ọkùnrin tó ń ta ayò tí oko rẹ̀ di igbó, òun náà mọ ohun tí òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí wòlíì Sekaráyà ń ṣàpèjúwe Jerúsálẹ́mù tí Ọlọ́run mú bọ̀ sípò (8:4-5), àwọn arúgbó tó jókòó pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ àti àwọn ọmọdé tó ń ṣeré ní ìgboro ló rí. Láti ìgbà náà, a ń gba àwọn ìdílé láàyè láti gbé ayò àti lúdò wá sí àgbàlá ìjọ ní ọ̀sán Sátidé. Alàgbà kan kò fara mọ́ ọn títí di òní. A ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Kí ọmọ náà tó padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ó mú jagunjagun kan, ó gé idà ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó kun agbádá aláwọ̀ ewé sí i lára, ó sì fi amọ̀ mọ fìlà lé e lórí. Bàbá gbé e sí etí ọpọ́n ayò, níbi tí kòkòrò ti jẹ. Bí àlejò láti ìjọ mìíràn bá ń bọ̀, ìyá á yára gbé e pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí àlejò bá ti lọ, bàbá á tún lọ gbé e jáde.