Ọdẹ àti Àjẹ́ Lábẹ́ Òrùlé Kan

Ìtàn kan wà tí ó gbilẹ̀ púpọ̀ nínú ìwé àti sinimá àwọn ará òkè òkun. Òkú kan a máa jí dìde lóru, a sì máa fa ẹ̀jẹ̀ alààyè mu. Ọdẹ kan, ẹni tí irú òkú bẹ́ẹ̀ ti pa àwọn ènìyàn rẹ̀, jáde láti gbẹ̀san. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ọ̀tá rẹ̀ pàdé, ọkàn rẹ̀ fà sí i. Ìwé Dracula, tí Bram Stoker, ọmọ ilẹ̀ Ayálandì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1897, ni ó sọ irú òkú bẹ́ẹ̀ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a máa ka irú ìtàn yìí sí ohun àjèjì. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé Yorùbá ti mọ ọdẹ tí ó fẹ́ràn ẹni tí ó yẹ kí ó pa láti ìgbà pípẹ́ wá. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tiwa, ẹni ẹ̀rù náà kì í ṣe àlejò. Ìyàwó ilé ni. Ìyàtọ̀ yìí kò kéré rárá, nítorí ó ti mú ìyà jẹ àwọn ènìyàn gidi rí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí, níbi tí Ayétòrò wà.

Àjẹ́ kò ti inú sàréè jáde wá, bẹ́ẹ̀ ni kò ní eyín gígùn. Nínú ìgbàgbọ́ àwọn àgbà, ara rẹ̀ a wà lórí ẹní, ẹ̀mí rẹ̀ a di ẹyẹ, a sì fò lọ sí ìpàdé òru. Ojú kì í rí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń mu. Ẹni tí ó ń mu tirẹ̀ ni yóò kàn máa rù, tí yóò máa joro. Nítorí náà, ẹni tí ó sùn tì ọ́ lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kí ìwọ má sì mọ̀.

Ìtàn àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni ti ọdẹ àti ẹfọ̀n. Ọdẹ kan wà lórí ẹ̀gùn, ó rí ẹfọ̀n tí ó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó di arẹwà obìnrin, tí ó sì mú ọ̀nà ọjà pọ̀n. Ọdẹ náà jí awọ yìí gbé, ó fi í pamọ́ sí àjà ilé rẹ̀, ó sì fẹ́ obìnrin náà. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni obìnrin náà fi lé e lọ́wọ́: kò gbọdọ̀ sọ ibi tí ó ti rí i. Wọ́n bímọ. Nígbà tí ó yá, àwọn ìyàálé fún ọkọ wọn ní ọtí mu yó, ó tú àṣírí, wọ́n sì fi obìnrin náà ṣe ẹlẹ́yà. Ó wá awọ rẹ̀ rí, ó gbé e wọ̀, ó sì kan àwọn orogún rẹ̀ pa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń pa ìtàn yìí sọ pé ó dá ọkọ rẹ̀ sí, ó fi ìwo sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ kí wọ́n máa fi pè é. Wọ́n sì ní Ọya ni.

Ẹ kíyè sí i pé ẹfọ̀n yìí kò mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, kò sì pa ẹnikẹ́ni ní gbogbo ìgbà tí a bò ó láṣìírí. Olè ni ọkọ fi bẹ̀rẹ̀ ìfẹ́ náà, ẹnu ọkọ náà ni ó sì bà á jẹ́.

Ìtàn kejì wà nínú ìwé D. O. Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938. Ọdẹ ni bàbá Àkàrà-ògùn, àjẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. Obìnrin náà ti pa àwọn orogún rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn kí ọkọ rẹ̀ tó gbé ìbọn sí ẹranko kan. Ẹranko tí ó yìn ni ìyàwó rẹ̀: ó bá a tí apá kan ara rẹ̀ jẹ́ ti ènìyàn, tí apá kejì sì jẹ́ ti ẹranko. Ọdẹ tí ọ̀fọ̀ ti gbo ọkàn rẹ̀ ni ọkùnrin yìí, ẹni tí ó wá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá òpó ilé rẹ̀ tí ó kù. Àkàrà-ògùn, ọmọ àwọn méjèèjì, sì di ọdẹ. Kò sí bí a ti lè ya ẹ̀jẹ̀ ìyá kúrò lára ọmọ.

Bí agbára yìí bá wà nínú ilé, kí ni ó yẹ kí ará ilé ṣe? Ìdáhùn àwọn ará Kétu àti Ẹ̀gbádò ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀fẹ̀ a jáde lóru, a sì fi orin tọrọ àánú àwọn ìyá wa, a tún fi í bá oníwà burúkú wí. Ní ọ̀sán, àwọn ọkùnrin a wọ aṣọ obìnrin, wọn a gbé ère lérí, wọn a sì jó láti tẹ́ àwọn ìyá lọ́rùn. Kò sí ẹni tí a ń tọ́ka sí pé òun ni àjẹ́. Gbogbo ìyá ni a ń bọlá fún. Ní ọdún 2008, àjọ UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé àwọn ogún àjogúnbá tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn mìíràn wọ ìlú ní ọdún 1950. Àwọn kan tí à ń pè ní Àtíńgà gba Dahomey wọlé láti Gold Coast, tí ó ti di Gánà báyìí. Wọ́n ń jó títí ara wọn yóò fi gùn, wọn a sì na ìka sí obìnrin, pàápàá àwọn àgbàlagbà, pé àjẹ́ ni. Ẹni tí ó bá jẹ́wọ́ yóò san owó ìwẹ̀nù. Ẹni tí ó bá sẹ́, adìẹ ni wọ́n fi ń dán an wò, bí adìẹ náà bá sì ti ṣe kú ni ẹjọ́ rẹ̀ yóò ṣe rí. Wọ́n ba ojúbọ òrìṣà púpọ̀ jẹ́. Ní ọdún 1951 ni ìjọba fi òfin dè wọ́n. Peter Morton-Williams, tí ó ṣe ìwádìí ní Ẹ̀gbádò, kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1956. Ní ọdún 1993, Andrew Apter fi hàn pé ọ̀ràn náà kò ṣàì kan owó kòkó tí ó gòkè nígbà náà, àti ìlara sí ọrọ̀ tí kò kárí.

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ tí mo sọ lókè gbé di ọ̀ràn ẹ̀mí. Òkú inú ìwé Stoker kò ní ìyá ní àdúgbò ẹnikẹ́ni. Bí a bá gún un pa, kò sí ẹni tí yóò sunkún. Ẹni ẹ̀rù ti ìtàn tiwa ní orúkọ, ó ní ìsọ̀ ní ọjà, ó ní ọmọ tí ń pè é ní ìyá. Ẹni tí ó bá gba ìtàn náà gbọ́ láìní àánú, obìnrin ilé rẹ̀ ni yóò gbé ìbọn sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ògbójú Ọdẹ, ẹ má ṣe dúró lórí ẹ̀rù nìkan. Ẹ bi wọ́n pé: ta ni ó jí awọ gbé? Ta ni ó tú àṣírí? Àwọn baba wa tí wọ́n dá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀ kò sọ pé kò sí ohun tí ń bani lẹ́rù nínú ilé. Wọ́n kàn rí i pé ẹni tí a bá jọ ń gbé, ẹ̀bẹ̀ àti ọ̀wọ̀ ni a fi ń bá a gbé.