Ọ̀dán Ojúde Tí Orí Rẹ̀ Ń Pá

Ọ̀rọ̀ igi ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn níhìn-ín, agbo ilé tó bá ní ọ̀dán lójúde ti ní pálọ̀ kejì. Abẹ́ rẹ̀ la ti ń parí ìjà, ibẹ̀ lahunṣọ ń sá oòrùn sí. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀rùn Òkè-Ògùn gùn, láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta. Tí orí igi bá ń pá, tí ewé rẹ̀ ń kéré sí i, ká tó ní aráyé ló fi nǹkan sí i, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìdí rẹ̀.

Síméńtì ni mo máa ń wò ná. Àwọn ọmọ á dé láti Èkó, wọ́n á ní kí ojúde mọ́, wọ́n á rẹ́ ẹ kan ìdí igi. Omi ò rọ́nà wọlẹ̀ mọ́, egbò ò rí atẹ́gùn. Ẹ fọ́ ọ kúrò.

Kì í ṣe ìdí igi gan-an ló ti ń mumi. Àwọn egbò tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń mumi wà lọ́ọ̀ọ́kán, níbi tí òjìji ẹ̀ka parí sí. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ bu omi sí lálẹ́. Kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sàn ju ká máa wọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má sun ewé tó bá já. Ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀ kí ilẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi, nítorí ikán.

Èyí tó ń dùn mí jù ń bẹ lọ́wọ́ àwọn tiwa. Oníṣègùn á bẹ́ èèpo yí igi ká bí ẹni fi ìgbànú dì í. Abẹ́ èèpo yẹn loúnjẹ tí ewé sè ń gbà lọ sí egbò. Tó bá ti yí ká, ebi á pa egbò, igi á kú. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kẹ́ ẹ ti mú un, kó má ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kó sì jinná kẹ́ ẹ tó padà síbẹ̀. Ta ló rán wa ní gbogbo èèpo? Epo pupa náà, orí yangí ni Èṣù ti ń gbà á. Èyí tí a ń dà sórí egbò lọ́dọọdún kì í jẹ́ kómi wọlẹ̀.

Ẹ wòkè pẹ̀lú. Afòmọ́ tó tutù yọ̀yọ̀ lórí ẹ̀ka tó ń gbẹ, omi igi ló ń mu. Ẹyẹ ló ń gbé èso rẹ̀ tó lẹ̀ kiri. Igi ẹ̀mí tó ń fún wa lórí náà ń jìyà rẹ̀. Ẹ má kàn já ewé rẹ̀ fún oògùn, torí egbò rẹ̀ ti wọnú ẹ̀ka. Ẹ gé ẹ̀ka náà, kó tó ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀ ibi tó lẹ̀ mọ́. Ẹ̀ka gbígbẹ tó dojú kọ òrùlé, ẹ gé e kí ìjì àkọ́rọ̀ tó dé. Tí ojúbọ bá wà níbẹ̀, ẹ bi Ifá, ẹ sì sọ fún olórí ilé kẹ́ ẹ tó fi àdá kàn án.

Bí inú ìtì rẹ̀ bá ti jẹrà, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ gé ọ̀pá tó nípọn tó ọrùn ọwọ́ lára ẹ̀ka tó ṣì yè, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé. Ọ̀dán kì í pẹ́ ta egbò. Ẹ sáà fi ẹ̀gún yí i ká, nítorí ewúrẹ́.