Ẹyẹ Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Ìbàdàn

Ṣé ẹ mọ ẹ̀gà, ẹyẹ aláriwo tó máa ń so ìtẹ́ rọ̀ sára ọ̀pẹ? Ìbátan rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló ń gbé ní gbogbo ayé. Ibadan Malimbe lorúkọ ẹ̀. John Elgood, tó ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Ìbàdàn, ló kọ̀wé fi hàn aráyé lọ́dún 1958.

Igbó IITA n'Ìbàdàn ni mo ti máa ń wá a. Òkè ni kẹ́ ẹ gbójú sí o! Orí igi ló ń wà, ó sì máa ń bá àwọn ẹyẹ míì rìn, tí wọ́n á jọ máa ṣọdẹ kòkòrò. Ẹ mú awò tó ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra dání, torí àwọn ìbátan ẹ̀ jọ ọ́ gan-an. Ọ̀kan wà tí orí tiẹ̀ náà pupa, àmọ́ àyà ẹ̀ dúdú. Òmíì pupa nísàlẹ̀ ìrù. Tiwa yìí ńkọ́? Pupa orí akọ ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé àyà, ojú ẹ̀ dúdú bí ẹni wọ ìbòjú, ìsàlẹ̀ ìrù ẹ̀ náà dúdú. Pupa ti abo kò tó bẹ́ẹ̀.

Kò dìgbà tí igbó bá di kìjikìji kó tó gbé e. Ó ń gbé etí igbó, àti igbó tó tún hù lẹ́yìn oko. Ṣùgbọ́n oko àti ilé ń jẹ igbó wa lọ. Tí wọ́n bá gé àwọn igi gíga tó kù tán, kò ní orílẹ̀-èdè míì tó máa fò lọ.