Àfojúbà Alẹ́ Kan: Ìran Abàmì nínú Fíìmù Ayé àti Ọ̀run Mooru

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́ mu pẹ́kípẹ́kí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbọ́ ìròyìn wọn, ìwọ̀nba ni ó fi ojú rí wọn. Iṣẹ́ yìí yóò ṣàlàyé bí fíìmù méjì tí ó kún fún ìran abàmì, ìyẹn Ayé (1979) àti Ọ̀run Mooru (1982), ṣe dé ọ̀dọ̀ òǹwòran, ìdí tí àǹfààní àtiwò wọn fi mọ níwọ̀n, àti ohun tí olùkọ́ Yorùbá ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì lè ṣe kí ìrántí wọn má baà parun.

Láti Orí Ìtàgé dé Ojú Sinimá

Kí fíìmù Yorùbá tó dé ni àwọn òṣèré ti ń gbé ìran abàmì kalẹ̀ lórí ìtàgé. Ẹ̀rí èyí kò jìnnà sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Àrámọ̀kọ. Òkè-Ìmẹ̀sí ni a ti bí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ní 1925. Ní 1963, ó gbé ìtàn ọ̀mu tí ó ń wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn. Inú ìwé Amos Tutuola tí ó jáde ní 1952 ni a ti mú ìtàn náà, Demas Nwoko sì ni ó ṣe ọ̀ṣọ́ ìtàgé rẹ̀. Aṣọ, ọ̀dà, ìlù àti ijó ni a fi sọ òṣèré di iwin. Síbẹ̀, ìtàgé ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: ènìyàn kò lè di ẹyẹ níṣojú òǹwòran.

Ààlà yìí ni Hubert Ògúndé, ọmọ bíbí Òṣósà, rékọjá. Eré orí ìtàgé ni Ayé kí ó tó di fíìmù. Ọlá Balógun, ẹni tí ó darí Àjàní Ògún ní 1976, ni ó darí rẹ̀. Ìjà àárín àwọn àjẹ́ àti babaláwo kan tí ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́tùúrá ni kókó ìtàn náà, Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe Ọ̀ṣẹ́tùúrá. Ọlá Balógun kan náà ni ó darí Ọ̀run Mooru fún Mósè Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Nínú rẹ̀, Láńmídì, oníṣòwò tí gbájúẹ̀ sọ di aláìní, bá ara rẹ̀ ní ọ̀run.

Ọgbọ́n tí ó Wà nídìí Idán

Ọgbọ́n kámẹ́rà tí a fi ń ṣe irú ìran báyìí kò le láti yé akẹ́kọ̀ọ́. Bí a bá dá kámẹ́rà dúró, tí òṣèré yẹ̀ sẹ́yìn, tí a gbé ẹyẹ sí ipò rẹ̀, tí a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí yàwòrán, lójú òǹwòran, ènìyàn ti di ẹyẹ nìyẹn. Bí a bá ya àwòrán méjì lé ara wọn, òṣèré yóò dà bí òjìji. Onídán ará Faransé kan, Georges Méliès, ti ń lo irú ọgbọ́n báyìí kí ó tó ṣe fíìmù ìrìn-àjò sí òṣùpá ní 1902.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kọ́ ni idán fíìmù Yorùbá. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ọfọ̀ ní agbára láti sọ nǹkan dà. Lórí ìtàgé, òǹwòran gbọ́ ọfọ̀, ó sì fi ọkàn yàwòrán ohun tí ó tẹ̀lé e. Nínú fíìmù, ojú rí ohun tí ẹnu pè. Ìdí nìyí tí irú ìran bẹ́ẹ̀ fi wọ òǹwòran lára.

Ìdí tí Àǹfààní fi Mọ Níwọ̀n

Owó gọbọi ni fíìmù ń jẹ nígbà náà. Òkè òkun ni a ti ń fọ̀ ọ́, ẹ̀dà rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn olóhun fúnra wọn ni ó ń gbé e káàkiri pẹ̀lú ẹ̀rọ àfihàn, bí wọ́n ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri. Níbi tí kò sí ilé sinimá, gbọ̀ngàn ìlú tàbí ti ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lò. Nígbà tí àfihàn bá parí, fíìmù bá wọn lọ. Ẹni tí kò bá sí nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó di ìgbà mìíràn.

Ìṣọ́ra yìí ní ìdí. Àwọn olè jí Ọ̀run Mooru dà kọ sórí fídíò, wọ́n sì ń tà á. Àdánù yìí kó Bàbá Sàlá sí gbèsè ńlá. Ògúndé ní tirẹ̀ kò gbé àwọn fíìmù rẹ̀ sórí fídíò fún títà títí ó fi kú ní 1990. Ohun tí ó dáàbò bo òwò náà ni kò jẹ́ kí ìran tí ó tẹ̀lé e rí àwọn fíìmù náà bí ó ti yẹ.

Iṣẹ́ Olùkọ́

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ní 1980 ti tó ẹni 60 ọdún báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìjerò, Àrámọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n lè tọ irú àgbà bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó bi í léèrè pé: Níbo ni ẹ ti wo fíìmù náà? Báwo ni a ṣe polongo rẹ̀? Ìran wo ni ó bà yín lẹ́rù? Ǹjẹ́ ẹ gbà pé òótọ́ ni? Bí ìdáhùn ẹni méjì bá takora, kí a kọ méjèèjì sílẹ̀. Nínú kíláàsì, kí olùkọ́ jẹ́ kí a jiyàn lórí ewu tí ó wà nínú ẹ̀bi gbogbo tí a ń dì ru àjẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Fíìmù tí ó sọnù lè padà. Shaihu Umar, fíìmù èdè Haúsá tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, tún jáde síta lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, a sì fi í hàn ní Berlin ní 2018. Ṣùgbọ́n ìrántí òǹwòran kò ní ẹ̀dà kankan nínú àpótí. Bí àgbà bá mú un lọ, ó lọ nìyẹn.