Iná igbó ní Ghana: Kí ló dé tí àríwá ń jó lọ́dọọdún, tí igbó gúúsù kì í sáàbà jó?

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá, ọ̀dàn tó wà ní àríwá Ghana á bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ló ń jó lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n nínú igbó kìjikìji tó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá láìsí iná kankan.

Koríko ni oúnjẹ iná. Lásìkò òjò, koríko ọ̀dàn máa ń ga; bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á gbẹ, iná díẹ̀ sì ti tó láti ràn án. Nínú igbó kìjikìji, ibòòji igi ńlá kì í jẹ́ kí oòrùn dé ilẹ̀, iná tó bá débẹ̀ sábà máa ń kú fúnra rẹ̀.

Ọwọ́ èèyàn ni èyí tó pọ̀ jù nínú iná náà ti ń wá: àgbẹ̀ tó ń sun oko, ọdẹ tó ń fi iná lé ọ̀yà jáde, àti darandaran tó fẹ́ kí koríko tútù tètè hù.

Ọdún tí iná wọ oko kòkó

Ọ̀dá ọdún 1982 sí 1983 yí ọ̀rọ̀ padà. Igbó tí kì í jó gbẹ, iná wọ̀ ọ́, ó sì jó ọ̀pọ̀ oko kòkó àti oúnjẹ. Ní oṣù Kínní ọdún 1983 kan náà ni Nàìjíríà lé àwọn ọmọ Ghana tó lé ní mílíọ̀nù kan padà sílé. Inú ìyàn ni wọ́n bọ́ sí.

Ọdún yẹn ni ìjọba Jerry Rawlings ní Accra ṣe òfin lórí iná igbó. Òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 1990.

Iná ń pe iná

Bí igi ńlá bá jó, oòrùn á wọlé, ewé tí Yorùbá ń pè ní Akíntọ́lá tàbí Awólọ́wọ̀ á sì gba ibẹ̀. Ní Ghana, Acheampong ni wọ́n ń pè é, orúkọ olórí ìjọba ológun wọn láàárín ọdún 1972 sí 1978. Ewé yìí máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ó sì ń tètè jó. Ìdí nìyí tí ibi tó ti jó lẹ́ẹ̀kan fi ń tún jó.

Ní Kánádà, igbó kan lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó jó, ṣùgbọ́n bó bá jó, igi rẹ̀ á kú. Lọ́dún 2023 nìkan, ó lé ní mílíọ̀nù márùndínlógún hẹ́kítà tó jó níbẹ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ Áfíríkà ló ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ilẹ̀ tó ń jó lágbàáyé lọ́dọọdún.

Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 fi hàn pé ilẹ̀ tó ń jó lágbàáyé dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin láàárín ọdún 1998 sí 2015, pàápàá nítorí pé oko ń gba ipò koríko. Ìyẹn kò sọ pé igbó ti bọ́ nínú ewu.

Ní ọ̀dàn, iná tí wọ́n dá níbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì tutù díẹ̀, kì í le tó ti oṣù Kejì, ó sì lè dín ìbàjẹ́ kù. Ṣùgbọ́n lẹ́bàá oko kòkó, kò sí iná kékeré. Igi kòkó máa ń lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Iná lè jó oko rẹ̀ run kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú.