Bọ́ọ̀lù, Orin àti Ètò Ìṣúná: Ta Ló Yẹ Kó Sanwó Ìgbòkègbodò Akẹ́kọ̀ọ́ ní Kalifọ́níà?

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ilé-ìwé. Lọ́dọọdún, kí oṣù kẹfà tó parí, àwọn ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, nítorí pé ọjọ́ kìíní oṣù keje ni ọdún ìnáwó tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Bí owó ò bá tó, ojú kì í pẹ́ lọ sọ́dọ̀ eré ìdárayá, ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ onífèrè àti eré orí-ìtàgé. Àwọn kan á ní ìwé kíkà àti ìṣirò ni iṣẹ́ ilé-ìwé, pé àfikún lásán ni ìyókù.

Ṣé òótọ́ ni pé àfikún ni? Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ibi tí owó ilé-ìwé ti ń wá ní Kalifọ́níà, ohun tó mú kí ó dín kù, àti ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní 1984 tó dáhùn ìbéèrè yìí.

Ibi tí owó ti ń wá

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ kọ́ ló ń darí ilé-ìwé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ ló pín ara wọn sí àgbègbè ilé-ìwé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn àgbègbè wọ̀nyí ló sì ní ìgbìmọ̀ tí àwọn ará àdúgbò dìbò yàn. Ọ̀nà mẹ́ta ni owó wọn ń gbà wọlé: owó-orí ilé àti ilẹ̀ tí àwọn ará àdúgbò ń san, owó tí ìpínlẹ̀ ń fún wọn, àti ìwọ̀nba díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀.

Láyé àtijọ́, owó-orí ilé àti ilẹ̀ ni Kalifọ́níà gbára lé jù. Ìyẹn ni pé ibi tí ilé olówó ńlá bá pọ̀ sí, owó ilé-ìwé á pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ilé ò bá ti níye lórí, ilé-ìwé á máa ráágó. Ẹjọ́ Serrano àti Priest, tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà dá ní 1971, fi èyí hàn kedere. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 1968 sí 1969, Beverly Hills ná nǹkan bí 1,232 dọ́là lórí akẹ́kọ̀ọ́ kan. Baldwin Park, tó wà ní agbègbè Los Angeles kan náà, ná 577 dọ́là péré. Ohun tó wá yani lẹ́nu jù ni pé àwọn ará Baldwin Park ni owó-orí wọn ga jù. Lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan nínú iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún ilé wọn, wọ́n ń san dọ́là 5.48, nígbà tí àwọn ará Beverly Hills ń san dọ́là 2.38. Ẹni tí ẹrù wúwo fún jù ló tún ń rí kékeré gbà. Ilé-ẹjọ́ ní kò tọ́ kí ẹ̀kọ́ ọmọ dúró lórí ọrọ̀ àdúgbò tó ń gbé.

Àbá 13

Kí wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ yẹn tán, òmíràn dé. Iye ilé ń fò sókè láàárín ọdún 1970 sí 1978, owó-orí sì ń bá a fò. Àwọn arúgbó tó ti fẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ilé á bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà 1978, àwọn olùdìbò fọwọ́ sí Àbá 13. Àbá yìí ní owó-orí ilé kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ilé lọ. Iye ọ̀hún náà kò sì gbọdọ̀ fi ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún, àfi bí wọ́n bá ta ilé náà. Bí àdúgbò bá sì fẹ́ gba owó-orí àkànṣe, ó di dandan kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò gbà á.

Onílé mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé já wálẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìpínlẹ̀ ti di ẹni tó ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó ilé-ìwé kalẹ̀. Bí ọrọ̀ ajé ìpínlẹ̀ bá dẹnu kọlẹ̀, ilé-ìwé ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹjọ́ Santa Barbara

Ní 1980, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé gíga ní Santa Barbara pinnu láti gé mílíọ̀nù 1.1 dọ́là kúrò nínú ètò ìṣúná wọn. Ọ̀wọ́n gógó, iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dín kù, àti Àbá 13 ló fà á. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú wọn. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n dín ẹgbẹ́ eré ìdárayá kù láti orí ohun tó lé ní 30 sí 8 péré, kí àwọn tó bá ṣẹ́kù sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ. Ìkejì ni pé kí wọ́n gé díẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa sanwó. Ìkejì ni wọ́n mú. Ọmọ tó bá fẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ eré ìdárayá á san 25 dọ́là lórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Eré orí-ìtàgé, orin kíkọ àti ẹgbẹ́ onífèrè náà ní 25 dọ́là tiwọn. Wọ́n ní ọmọ tí òbí rẹ̀ ò lówó lè wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fojú fò ó.

Òbí kan, Barbara Hartzell, àti ẹgbẹ́ àwọn tó lòdì sí owó náà gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé-ẹjọ́. Wọ́n pàdánù nílé-ẹjọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 1984, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ Kalifọ́níà dá wọn láre. Rose Bird, adájọ́ àgbà nígbà náà, ló kọ ìdájọ́ náà. Òfin-ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà sọ pé ilé-ìwé ọ̀fẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Adájọ́ ní bọ́ọ̀lù, orin àti eré orí-ìtàgé wà lára ẹ̀kọ́, nítorí ibẹ̀ lọmọ ti ń kọ́ bí a ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣe. Nítorí náà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ ńkọ́? Ilé-ẹjọ́ ní ìyẹn ò tán ìṣòro. Ohun tó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa bẹ̀bẹ̀ kó tó rí i gbà. Ìtìjú sì tún ń bẹ níbẹ̀, nítorí wọ́n á kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ pé ọmọ tálákà ni. Àìlówó ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe àwáwí tó lè pa òfin-ìpìlẹ̀ tì.

Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀ o. Ní 1970, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ Idaho ní wọn ò lè gba owó ìgbòkègbodò lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kópa. Títí di òní, owó bọ́ọ̀lù ń bẹ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀.

Ohun tí ìdájọ́ náà kò lè ṣe

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa níbí. Ìdájọ́ yìí kò sọ pé dandan ni kí ilé-ìwé ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ohun tó sọ ni pé bó bá ní in, kó má gbowó ìkópa. Ìgbìmọ̀ ṣì lè mú ọ̀nà àkọ́kọ́ tí Santa Barbara kọ̀ sílẹ̀, kó gé ẹgbẹ́ náà pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ìjà fi kúrò nílé-ẹjọ́ tó bọ́ sínú yàrá ìpàdé ètò ìṣúná.

Àwọn ilé-ìwé kan ò tilẹ̀ tẹ̀ lé ìdájọ́ náà. Ní 2010, ẹgbẹ́ ACLU pe ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́ nítorí owó tí wọ́n ṣì ń gbà lọ́wọ́ ọmọ. Èyí ló bí òfin 2012, tó fún òbí ní ọ̀nà láti fẹ̀sùn kàn. Òbí lè kọ̀wé sí ọ̀gá ilé-ìwé, kódà láìkọ orúkọ, bí ẹ̀rí bá wà. Bí ẹ̀sùn bá sì fìdí múlẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ dá owó padà fún gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn.

Òfin fàyè gba ọrẹ àtinúwá. Ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ àárín olówó àti tálákà tún ti fẹ́ gba ẹ̀bùrú wọlé, nítorí àwọn òbí olówó lè kó owó ńlá jọ fún orin àti bọ́ọ̀lù ọmọ wọn, àdúgbò tálákà ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ìpínlẹ̀ ti gbà gbìyànjú láti dí àlàfo yìí. Láti 2013, ìlànà tuntun fi kún owó àgbègbè tí àwọn ọmọ tálákà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ alágbàtọ́ bá pọ̀ sí. Ní 2022, àwọn olùdìbò gba Àbá 28 wọlé, tó ya owó sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún orin àti iṣẹ́ ọnà. Iye rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tí òfin ti là kalẹ̀ fún ilé-ìwé, wọn ò sì gbọdọ̀ fi rọ́pò owó tí wọ́n ti ń ná tẹ́lẹ̀.

Ohun tó kan òbí

Ìdílé Yorùbá tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé mọ owó PTA dáadáa. Bí ìwé bá wá láti ilé-ìwé pé kí wọ́n san iye kan kí ọmọ tó lè bá wọn lu ìlù, wọ́n lè rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn, kí wọ́n san án, tàbí kí wọ́n sọ fọ́mọ pé kó jókòó sílé. Ó yẹ ká mọ̀ pé ní Kalifọ́níà, ìwé tó béèrè ọrẹ yàtọ̀ sí ìwé tó béèrè owó dandan. Àwọn nǹkan kan wà tí òfin gbà kí wọ́n gbowó lé, bí ọkọ̀ àti oúnjẹ, ṣùgbọ́n ìkópa nínú eré àti orin kò sí lára wọn.

Èkejì ni pé ìpàdé ètò ìṣúná kì í ṣe ìpàdé bòókẹ́lẹ́. Òfin ní ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu ará ìlú kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni ló sì lè dìde sọ tirẹ̀. Bí a bá dúró dìgbà tí wọ́n ti gé ẹgbẹ́ akọrin tán kí a tó pariwo, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà ni ká lọ jókòó síbẹ̀, ká béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìgbòkègbodò ọmọ wa, ká sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ gé àti ìdí rẹ̀.