Títún Ilé Ẹbí Ṣe: Ètò Ni Í Ṣaájú Iṣẹ́

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín ní àṣálẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé tuntun. Ọ̀rọ̀ ilé tí ó ti wà nílẹ̀ ni: ilé alámọ̀ tí bàbá àgbà kọ́, tí páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, tí sìmẹ́ǹtì ara rẹ̀ ń ṣí, ṣùgbọ́n tí gbogbo ọmọ ilé ṣì ń padà sí nígbà ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo àti ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó nìkan ni ó ń wó wọn. Àtúnṣe tí a dáwọ́ lé láìlétò a máa wó wọn pẹ̀lú. Ẹnì kan rí owó díẹ̀, ó ṣí òrùlé ní oṣù kẹta, owó tán ní oṣù kẹrin, òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹsàn-án, ògiri tí ó ti dúró láti ayé àwọn bàbá wa ti di òkìtì amọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ètò ṣíṣe jẹ́ ohun tí a kọ́ lọ́wọ́ òyìnbó. Nígbà tí ó jẹ́ pé koríko ni a fi ń bo ilé, gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé òrùlé kì í pẹ́ títí. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni àwọn ènìyàn máa ń ru koríko bẹẹrẹ wá sí ààfin fún bíbo orí ilé Aláàfin. Àtúnṣe ní àkókò tirẹ̀, ó ní àwọn tí ó gbọ́dọ̀ ṣe é, a sì ti kó ohun èlò rẹ̀ jọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Páànù ni ó mú wa gbàgbé, nítorí pé ó pẹ́ ju koríko lọ.

Ìbéèrè kìíní tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, ta ni ó ni ilé? Gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá tí àwọn ilé ẹjọ́ wa ti fi ọwọ́ sí láti ìgbà pípẹ́, bí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìpíngún, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀. Ọmọ tí ó bá fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di onílé; ilé ẹbí ni ó ṣì jẹ́. Nítorí náà, ẹ pe ìpàdé ẹbí, kí ẹ sì kọ àdéhùn yín sínú ìwé: ta ni yóò san kí ni, ta ni yóò gbé inú yàrá wo, ṣé ẹ̀bùn ni owó náà tàbí gbèsè tí a ó san padà? Ẹ má ṣe yọ àwọn obìnrin ilé sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí a dá ní Èkó ní 1909, adájọ́ sọ pé bí àrẹ̀mọ bá kú, ọmọ tí ó bá dàgbà tẹ̀ lé e ni ó tọ́ sí láti jẹ́ olórí ẹbí, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ìbéèrè kejì ni pé, kí ni ó ń ṣe ilé? Oníṣègùn kì í ja ewé kí ó tó mọ àìsàn. Ọ̀tá ilé alámọ̀ kò ju méjì lọ: omi àti ikán. Ẹ yí ilé ká nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí. Òrùlé koríko àtijọ́ a máa yọ síta dáadáa láti dáàbò bo ògiri. Bí páànù bá kúrú, ẹsẹ̀ ògiri gan-an ni omi yóò máa gbẹ́. Ẹ fi ọ̀bẹ gún igi òrùlé wò: bí ó bá wọlé wẹ́rẹ́, ikán ti jẹ ẹ́. Bí ògiri bá sán, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà kọjá ojú rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì tún un wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Bí ìlà náà kò bá yẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì fẹ̀ sí i, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ sísán àtijọ́. Bí ó bá ń fẹ̀ sí i, ìpìlẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì ti wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri amọ̀, ó ti di ilé búlọ́ọ̀kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀, a sì máa tú u jáde nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i lára. Bí a bá fi sìmẹ́ǹtì líle bò ó, ọ̀rinrin náà há sínú, ògiri ń rọ̀ lábẹ́ ẹ̀wù tí ó dára lójú. Amọ̀ a máa wú, a sì máa sún kì, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì kò bá a ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń ṣí bí èèpo. Ohun tí ó sàn ni kí a kọ́kọ́ dá omi dúró, kí a fi irú amọ̀ kan náà dí ojú ihò, kí a sì fi amọ̀ tí a po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ rẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ṣeé túnṣe. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Èkó, ó sì pa àwọn ọmọ ilé ìwé. Àwọn aláṣẹ sọ pé a ti fi àmì wíwó sí ilé náà ṣáájú. Bí àtúnṣe yín bá kan wíwó ògiri tàbí gbígbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé, ẹ pe ẹnjiníà, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí ẹ tó fọwọ́ kan bíríkì kan.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n àti ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí a mú yàrá kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní òòró àti 12 ní ìbú, tí ògiri rẹ̀ ga ní 10. Yíyíká rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 480. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan, 7 lọ́nà 3, tí í ṣe 21, àti fèrèsé méjì, 4 lọ́nà 4, tí í ṣe 32. Ó ku 427. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ mú bá birikílà ṣe àdéhùn, kì í ṣe ìfojúdíwọ̀n. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ ìṣirò ní kíláàsì: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wọn yàrá kan nílé wọn.

Ní ti bí iṣẹ́ yóò ṣe tẹ̀ léra, òkè ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Òrùlé ni àkọ́kọ́, kí a ṣe é nínú ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gọ́tà tí yóò darí omi kúrò lẹ́sẹ̀ ilé. Ògiri tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà wáyà iná àti páìpù omi, kí a tó rẹ́ ògiri. Ọ̀dà ni ìkẹyìn. Ẹni tí ó bá kun ilé tí ó ń jò, owó rẹ̀ ni ó dà sínú ọ̀gbàrá. Bí òrùlé tàbí àjà bá jẹ́ ti asbestos, ẹ má ṣe fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má sì ṣe fọ́ ọ: eruku rẹ̀ a máa fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kí àwọn tí ó mọṣẹ́ náà rin ín lómi, kí wọ́n bo imú, kí wọ́n sì tú u lódindi.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Nínú gbogbo 100 náírà tí ẹ bá pinnu, ẹ ya 20 sọ́tọ̀ fún ohun tí ojú kò rí, nítorí pé ilé àtijọ́ kì í sọ gbogbo àṣírí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí owó kò bá tó fún gbogbo ilé, ẹ pín iṣẹ́ sí ìpele, kí ìpele kọ̀ọ̀kan lè dá dúró fúnra rẹ̀ bí ìyókù tilẹ̀ pẹ́. Ẹ san owó oníṣẹ́ bí iṣẹ́ bá ti ń parí ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a sọ, ẹ má ṣe gbàgbé èyí: ẹ má ṣí òrùlé ilé bàbá yín títí páànù, igi, ìṣó àti owó káfíńtà yóò fi pé nílẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ilé tí a kò tí ì fọwọ́ kàn ṣì lè dúró de owó ọdún tí ń bọ̀. Èyí tí a ṣí sílẹ̀ kò lè dúró de òjò kan. Ó dìgbà kan ná.